Gáàpù kọ́ìlì Tesla wa ń gbóná, sípáàkì ń kúrú: ṣé kí n tún fẹ̀ ẹ́ ni?

TíṣàFísíìsì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ gáàpù, ààyè tí sípáàkì ń fò kọjá láàárín irin méjì, ló gbé mi wá.

Kọ́ìlì Tesla, ẹ̀rọ tó ń gbé fóltéèjì ga títí á fi máa fò bíi mànàmáná kékeré, tí à ń tò fún ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ SS2 nìyí. Tiransífọ́mà rẹ̀ jẹ́ ti iná níọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì láyé ọjọ́sí, onírin wúwo, kì í ṣe fúyẹ́fúyẹ́ òde òní. 230 V ní ń wọlé, 9 kV àti 30 mA ní ń jáde. Kàpásítọ̀ mẹ́sàn-án la so tẹ̀ léra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan 0.15 µF, 2000 V, rẹsísítọ̀ 10 MΩ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ já sí 16.7 nF. Sẹ́kọ́ńdárì (kọ́ìlì gíga tí sípáàkì ń ti orí rẹ̀ jáde): PVC onínṣì mẹ́rin, wáyà 0.4 mm, bí ìyípo 1100 lórí gígùn 50 cm. Práímárì (kọ́ìlì ìsàlẹ̀ tó ń fún un ní agbára): páìpù kọ́pà 1/4 inṣì tí a ká pẹrẹsẹ, ìyípo kẹwàá àbọ̀ la ti mú iná. Áàtì sẹ́kọ́ńdárì ní irin tirẹ̀ nínú ilẹ̀, kò bá ti ilé ṣe.

Gáàpù wa: bóòtì bráàsì M10 méjì tó dojú kọ ara wọn lórí pákó, 6 mm láàárín, kò sí fáànù. Tí a bá tan án, ó máa ń dún gbàgbàgbà, sípáàkì orí á tó 25 cm. Kí ogún ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ohùn á rọ̀, iná àárín bóòtì á pọ́n bí iná àtùpà, sípáàkì orí á bọ́ sí 10 cm. Tí a bá pa á tó tutù, á tún gbéra bíi ti àkọ́kọ́. Lálẹ́ tí iná NẸ́PÀ bá wálẹ̀ sí 190 V, kì í tan rárá.

Mo ń rò ó pé kí n fẹ̀ ẹ́ sí 8 mm kí sípáàkì lè gùn sí i, tàbí kí n wá irin tungsten lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òṣùwọ̀n sí i, torí àwọn ọmọ á béèrè.

WáyàMan_Ṣágámù

Tíṣà, ẹ má fẹ̀ ẹ́ o. Kódà ẹ má tan 6 mm yẹn mọ́.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. 9 kV tí wọ́n kọ sára tiransífọ́mà, RMS ni, ìyẹn irú àròpín ìgbì iná. Ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ 12.7 kV. Gáàpù 6 mm nínú atẹ́gùn tútù ń fẹ́ tó 18 kV kó tó tan. Níbo wá ni ìyókù ti ń wá? Tiransífọ́mà níọ́ọ̀nù ní ìdènà nínú ara rẹ̀. Ẹ fi 0.03 A pín 9000 V, ẹ ó rí 300 kΩ, ìdènà irú ti kọ́ìlì sì ni. Kàpásítọ̀ yín ní 50 Hz jẹ́ nǹkan bí 190 kΩ. Òdìkejì ara wọn làwọn méjèèjì ń fà sí, wọ́n á jẹ ara wọn kù, 110 kΩ péré ló máa ṣẹ́ kù. Tí gáàpù kò bá tètè tan, fóltéèjì orí kàpásítọ̀ á gòkè sí ìlọ́po 1.7, ṣóńṣó rẹ̀ á sún mọ́ 22 kV. Kàpásítọ̀ mẹ́sàn-án yín lápapọ̀, 18 kV ni wọ́n lè gbé. Tiransífọ́mà náà ńkọ́? Àárín rẹ̀ so mọ́ bọ́dì, 4.5 kV ni wọ́n ṣe apá kọ̀ọ̀kan fún. Bí wáyà inú rẹ̀ bá jó pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn, inú ọ̀dà dúdú ló wà, kò ṣeé tún yí.

Gáàpù yín ló ń ṣọ́ gbogbo ìyẹn. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, ẹ ti lé olùṣọ́ lọ.

Kàpásítọ̀ tí ẹ ní dára, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. 10.6 nF ni iye tí ìdènà méjèèjì á fi dọ́gba pátápátá lórí tiransífọ́mà yìí ní 50 Hz, ibẹ̀ gan-an ni fóltéèjì kò ti ní ibi tí kò lè dé. Tiyín lé ní ìlọ́po 1.5 ìyẹn, ó wà níbi tó yẹ kó wà fún gáàpù tí kì í yí.

Fún ìsinsìnyí, ẹ sún bóòtì yẹn sí 3 mm títí ẹ ó fi to gáàpù gidi. Sípáàkì á kúrú, ṣùgbọ́n ẹ ó rí tiransífọ́mà lò lọ́la.

Kọ́pàÌpẹru

Ohun tí WáyàMan sọ yẹn lẹ̀yà kan. Ti ooru lẹ̀yà kejì, òun ló sì ń mú ohùn rọ̀.

Ṣúìṣì ni gáàpù. Tiransífọ́mà ń rọ iná sínú kàpásítọ̀. Tó bá kún dé ibi tí atẹ́gùn kò lè dá a dúró mọ́, gáàpù á tan, kàpásítọ̀ á tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú práímárì. Agbára yẹn á máa ré kọjá sí sẹ́kọ́ńdárì. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí ẹ kọ yìí, kọ́ìlì yín á máa mì ní nǹkan bí 200 kHz. Bí ìsopọ̀ práímárì àti sẹ́kọ́ńdárì (bí oofa ọ̀kan ṣe ń kan èkejì tó, kì í ṣe ti wáyà) bá wà ní 0.12, ìmì mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni agbára fi máa ré kọjá tán, ìyẹn bí 20 µs. Àkókò yẹn gan-an ló yẹ kí gáàpù kú. Tí kò bá kú, ọ̀nà ṣì ṣí, agbára tó ti gòkè á tún gba ibẹ̀ padà wá sí práímárì, gáàpù á sì sọ ọ́ di ooru. Bóòtì tó gbóná kì í jẹ́ kí iná kú bọ̀rọ̀, iná tí kò kú á tún mú bóòtì gbóná sí i. Àwọn tó ń wo bí gáàpù ṣe ń tan nìkan kì í rí i. Bó ṣe ń kú ni ẹ máa wò.

Ooru tún ń ṣe nǹkan mìíràn: ó ń mú kí gáàpù tan kí kàpásítọ̀ tó kún. Agbára inú kàpásítọ̀ ń tẹ̀ lé fóltéèjì lọ́nà ìlọ́po ara rẹ̀. Ní 12.7 kV, 16.7 nF yín gbé 1.35 J. Tí gáàpù gbígbóná bá tan ní ìdajì fóltéèjì yẹn, 0.34 J péré ló wà níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ibẹ̀ ni 15 cm yín ń bá lọ.

Nítorí náà ẹ pín gáàpù sí wẹ́wẹ́. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: Max Wien, ará Jámánì, ló gbé gáàpù onípele púpọ̀ jáde ní 1906 fún wáyálẹ́ẹ̀sì, àwo kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ààyè tín-ín-rín wà láàárín wọn. Nínú ààyè tóóró, kọ́pà tútù wà nítòsí lápá méjèèjì, á fa ooru kúrò lára iná kíákíá. Fún ilé, páìpù kọ́pà nínú PVC ló rọrùn jù. Bí mo ṣe máa to tiyín rèé.

Páìpù kọ́pà 7/8 inṣì (22 mm), irú èyí tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà AC ńlá ń gé tà. Ẹ gé e sí mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan 7 cm. Páìpù mẹ́jọ á fún yín ní gáàpù méje. Ẹnu tí sọ́ọ̀ gé máa ń ní etí mímú. Ẹ fi fáìlì yí i, ẹ fi sánpépà 400 parí rẹ̀, torí bí etí mímú bá wà, ibẹ̀ ni gbogbo iná á máa sá lọ, apá yòókù páìpù á kàn wà níbẹ̀ lásán. Ẹ wá PVC onínṣì mẹ́rin, ẹ gé 15 cm, èyí tó nípọn tí wọ́n fi ń gbé omi, kì í ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti omi ìdọ̀tí.

Ẹ ká ìwé mọ́ ẹ̀yìn PVC náà. Ẹ sàmì mẹ́jọ sórí ìwé, 31 mm láti ọ̀kan sí èkejì. Lórí PVC tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 110 mm, tí inú rẹ̀ jẹ́ 104 mm, 31 mm lẹ́yìn ló ń fún yín ní ààyè 0.6 mm láàárín páìpù nínú. Tí PVC yín bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣírò kí ẹ tó lu ihò. Páìpù kọ̀ọ̀kan gba bóòtì M5 méjì tó fi 4 cm jìnnà síra: orí bóòtì nínú kọ́pà, nọ́ọ̀tì lẹ́yìn PVC. Ihò kọ́pà kó jẹ́ 5 mm, ti PVC kó jẹ́ 6 mm, kí páìpù lè rìn díẹ̀ fún àtúnṣe. Géèjì tí mẹkáníìkì fi ń wọn gáàpù plọ́ọ̀gì ní ewé 0.60, ẹ kì í bọ ẹnu méjèèjì páìpù, kó fara kàn án láìfún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbogbo bóòtì tó yọ sẹ́yìn yẹn ló ní iná lára, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sínú àpótí pásípẹ́ẹ̀sì.

Kí ló dé tí mo ní mẹ́jọ? Ààyè 0.6 mm kan ń fẹ́ nǹkan bí 3 kV, torí ààyè kékeré máa ń fẹ́ fóltéèjì púpọ̀ ju bí ìwọ̀n rẹ̀ ṣe rí lọ. Mẹ́rin á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 kV. Ṣùgbọ́n fóltéèjì kì í pín dọ́gbadọ́gba láàárín wọn, ọjọ́ òjò àti ọjọ́ ọyẹ́ sì yàtọ̀, nítorí náà ẹ nílò ààyè tí ẹ lè fi kún tàbí yọ kúrò. Ẹ máa fi wáyà alágbámú yan iye tí ẹ fẹ́.

Wáyà ńkọ́? 30 mA tó wà lára tiransífọ́mà ń tan àwọn èèyàn jẹ. Nígbà tí gáàpù bá tan, iná tó ń yí láàárín kàpásítọ̀, gáàpù àti práímárì yín lè dé 270 A. Ẹ lo wáyà nípọn tàbí kọ́pà pẹlẹbẹ, kó kúrú, kí nọ́ọ̀tì le dáadáa. Ojú ìsopọ̀ tó dẹ̀ jẹ́ gáàpù mìíràn tí ẹ kò mọ̀ pé ẹ ní.

ỌmọRẹ́mọ_Ìlíṣàn

Ẹ̀gbọ́n Kọ́pàÌpẹru ti sọ̀rọ̀ kan kọ́pà tán, ṣùgbọ́n wọn kò kan atẹ́gùn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ kù sí.

Páìpù mẹ́jọ láìsí atẹ́gùn máa sàn ju bóòtì méjì lọ fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ooru á dé. PVC pàápàá ń rọ̀ tó bá sún mọ́ 80 °C, gáàpù yín á sì yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Fáànù kọ̀ǹpútà 12 V onígun 120 mm lọ̀pọ̀ ń lò. Ó ń gbé atẹ́gùn púpọ̀ níta gbangba, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti tì í gba ibi tóóró, atẹ́gùn á gba àárín PVC tó ṣófo jáde, kò ní kan gáàpù. Ẹ wá páìpù PVC 50 mm, ẹ dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e sí àárín. Ó fi 5 mm jìnnà sí kọ́pà yíká, atẹ́gùn kò sì ní rí àárín tó ṣófo gbà mọ́. Iṣẹ́ kékeré yìí nìkan wúlò ju kéèyàn ra fáànù kejì lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kó dára jù bẹ́ẹ̀, blówà tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ń fẹ́ eruku ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ atẹ́gùn wọlé, ẹ má fi fa atẹ́gùn jáde, torí atẹ́gùn tó ti kọjá lára sípáàkì ní ozone nínú, ó sì ń jẹ búrọ́ọ̀ṣì àti rọ́bà inú mọ́tò. Ariwo rẹ̀ pọ̀ o. Wáyà blówà náà kó jìnnà sí ti kọ́ìlì, kó má sì gba ẹ̀gbẹ́ bóòtì kankan kọjá.

Ti tungsten: ẹ fi í sílẹ̀. Tungsten kì í yọ́ àfi ní 3422 °C, òótọ́ ni, kì í tètè jẹ. Àmọ́ kíkú iná ni ìṣòro yín, jíjẹ kọ́. Irin tungsten tẹ́ẹ́rẹ́ 2.4 mm máa ń pọ́n, ó sì ń gbé ooru rẹ̀ dání. Irin tó pọ́n ń tú ẹlẹ́tíróònù jáde fúnra rẹ̀, gáàpù kò ní kú. Ìgbà tí atẹ́gùn bá le gan-an, tàbí lórí gáàpù tó ń yí, ni tungsten wúlò, àní nígbà náà 5 mm péré ló yẹ kó yọ jáde nínú bráàsì tó nípọn. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ra á, ẹ má ra olórí pupa: thorium, irin tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́ kò yẹ kí ọmọ ilé ìwé fà símú.

Bráàsì tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ní sínńkì nínú. Sínńkì ń hó ní 907 °C, kọ́pà kò yọ́ títí 1085 °C. Nítorí náà sínńkì á kọ́kọ́ sá jáde, ojú bóòtì á di kòtò-kòtò, ṣóńṣó kékeré á yọ lára rẹ̀, gáàpù á máa tan níbi tó wù ú. Bóòtì irin tí wọ́n fi sínńkì bò burú jù, èéfín funfun rẹ̀ kò dára fún ìmí.

Pákó náà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Lásìkò òjò bíi ti June sí July níhìn-ín, pákó á fa omi, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí fà lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ọ̀nà dúdú bá ti hàn lórí pákó, ọ̀nà náà ti di wáyà. Pátákó ike tí wọ́n fi ń gé ẹran nílé ìdáná dára ju pákó lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

TíṣàFísíìsì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí PVC tó nípọn, mo sì ti wọn inú rẹ̀: 104 mm géérégé.

Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá gáàpù mẹ́rin ni kí n lò tàbí márùn-ún? Iná NẸ́PÀ wa kì í dúró lójú kan, a sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré «I better pass my neighbour» àti ínfátà ní ọ́fíìsì; èwo ni kí n lò lọ́jọ́ àfihàn? Àwọn kan ní gáàpù alámọ́tò tó ń yí ló dára jù, ṣé kí n ronú sí i?

WáyàMan_Ṣágámù

Ẹ jẹ́ n mú méjì tó kẹ́yìn, kí ẹ̀gbọ́n mú ti àkọ́kọ́.

Gáàpù tó ń yí: rárá, kì í ṣe fún tiransífọ́mà 270 VA (9 kV lọ́nà 30 mA). Mọ́tò lásán máa ń yí bó ṣe fẹ́, kò bá ìgbì iná mu. Bí kò bá sí irin lójú irin nígbà tí kàpásítọ̀ kún, fóltéèjì á máa gòkè lọ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣírò lókè, tiransífọ́mà níọ́ọ̀nù kì í pẹ́ kú sí irú gáàpù bẹ́ẹ̀. Èyí tó lè bá a lò ni mọ́tò tó ń tẹ̀ lé ìgbì iná gan-an, 3000 rpm ní 50 Hz, tí irin yíyí bá irin dídúró pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan, kó lè tan nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ sì tún lè yí ìdúró rẹ̀ títí á fi bá ṣóńṣó ìgbì pàdé. Mọ́tò fáànù àti ti ẹ̀rọ ìlọta máa ń rẹ̀yìn díẹ̀ sí ìgbì, wọn kì í ṣe irú rẹ̀. Irin tó wà ní 90 mm sí àárín àwo, ní 3000 rpm, ń sá ní 28 m/s. Tí ọ̀kan bá já, ẹ kò ní fẹ́ kó rí ọmọ kankan níwájú.

Jẹnẹrétọ̀: ó lè gbé e, 270 VA kò pọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ fi mítà wo iná rẹ̀ nígbà tí ẹrù mìíràn bá wà lórí rẹ̀, kì í ṣe láìsí ẹrù, torí 245 V láìsí ẹrù lè di 210 V tí ẹrù bá dé. Wọ́n máa ń yí gọ́fánọ̀ rẹ̀ sókè kí iná lè mọ́lẹ̀. 53 Hz kì í ṣe nǹkan bàbàrà, 250 V ni kí ẹ sá fún. Ẹ yọ mítà kúrò kí gáàpù tó bẹ̀rẹ̀ sí tan tí ẹ kò bá fẹ́ kó bàjẹ́. Gílóòbù 100 W kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa sọ fún yín bóyá iná ń wálẹ̀.

Ínfátà, má dán an wò. Ìgbì rẹ̀ lè má rí bó ṣe yẹ, àní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí tó ń padà láti inú kọ́ìlì á pa bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìdí kan náà ni ẹ fi gbọ́dọ̀ fi fílítà sí ẹnu wáyà tó ń wọ tiransífọ́mà tí ẹ bá ń lo NẸ́PÀ, irú èyí tó wà lẹ́nu wáyà iná nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ àti maikirowéèfù tó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 6 A ó kéré tán. Ẹ kó àwọn fóònù àti kọ̀ǹpútà jìnnà. Mítà prépéèdì ilé ìwé kì í ṣe nǹkan tí ẹ fẹ́ lọ ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Àti pé kí gáàpù wà lórí ẹnu méjèèjì tiransífọ́mà tààrà, kàpásítọ̀ àti práímárì tẹ̀ léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòrán mìíràn wà tó fi kàpásítọ̀ sórí tiransífọ́mà. Ìyẹn ń jẹ́ kí ìmì 200 kHz máa gbá wáyà inú tiransífọ́mà nígbàkígbà tí gáàpù bá tan.

Kọ́pàÌpẹru

Ó dáa. Bí a ṣe ń tò ó.

Ẹ kọ́kọ́ tú kàpásítọ̀ àti práímárì kúrò pátápátá. Tiransífọ́mà àti gáàpù nìkan ló máa kù. Èyí ṣe pàtàkì, torí láìsí kàpásítọ̀ kò sí ohun tó máa ti fóltéèjì kọjá 12.7 kV. Bó ti wù kí rẹsísítọ̀ 10 MΩ wà lórí kàpásítọ̀, tí ó sì yẹ kí wọ́n tú iná inú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8, ẹ fi ọ̀pá ike tó ní wáyà áàtì lórí kan ẹnu méjèèjì rẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà kan so ẹnu méjèèjì pọ̀ nígbà tó bá wà nílẹ̀. Rẹsísítọ̀ kan tó já kò ní sọ fún yín pé òun ti já.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe gáàpù ààbò. Bọ́ọ̀lù tàbí orí bóòtì rogodo láti ẹnu iná kọ̀ọ̀kan sí bọ́dì tiransífọ́mà, tó so mọ́ áàtì. Apá kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó 6.4 kV, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1.5 mm, ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa pa iná, ẹ máa yọ wáyà lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, títí á fi dẹ́kun títan. Nǹkan bí 2 mm ló máa jẹ́. Ẹ dè é, ẹ má fi ọwọ́ kàn án mọ́. Tó bá ń tan nígbà tí kọ́ìlì ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ gáàpù ńlá ni, ẹ má fẹ̀ ẹ́ nítorí kó lè dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ẹ kan wáyà alágbámú mọ́ gáàpù mẹ́ta. Á tan kíákíá. Ẹ bọ́ sí mẹ́rin. Ẹ bọ́ sí márùn-ún. Níbi tí kò bá ti tan mọ́, tàbí tó ń tan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀kan. Ìyẹn ni iye yín lórí iná ọjọ́ náà. Ẹ ṣe é lórí iná tí ẹ máa lò gan-an; èyí tí ẹ tò lórí 240 V kò ní tan lórí 190 V, ìdí nìyẹn tí tiyín kì í fi í tan lálẹ́. Lórí 190 V ṣóńṣó yín kò ju 10.5 kV lọ, ẹ yọ gáàpù kan kúrò, ẹ gbà pé sípáàkì á kúrú. Kí ẹ tún má gbàgbé láti dá a padà nígbà tí iná bá gòkè.

Ẹ so gbogbo rẹ̀ padà, ẹ tan fáànù kí ẹ tó tan kọ́ìlì. Gáàpù tó dára ń dún gan-an, gbígbẹ, kò sí híhó nínú rẹ̀, iná rẹ̀ funfun sí búlúù láàárín páìpù gbogbo. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn, àwọn ọmọ kó má sì tẹjú mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣe ojú ní ohun tí iná wẹ́dà ń ṣe. Ojú fèrèsé kó ṣí nítorí ozone. Tí ohùn bá ń rọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú fáànù, tí gáàpù kò sì gbóná jù, ìsopọ̀ le jù: ẹ gbé sẹ́kọ́ńdárì sókè ní 1 cm, ẹ tún wò ó, ẹ lè dé 3 cm. Àmì rẹ̀ mìíràn ni sípáàkì tó ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́kọ́ńdárì. Ìyẹn ń jó fáníìṣì wáyà, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Tí gáàpù bá ti kú dáadáa, ẹ tún ìyípo práímárì wò, sún un ní ìdá mẹ́rin ìyípo síwájú àti sẹ́yìn. Àmì tí ẹ mú nígbà tí gáàpù burú kì í sábà jẹ́ àmì tòótọ́, torí sípáàkì gígùn ń fa ìmì sẹ́kọ́ńdárì sísàlẹ̀, ó sì ń fẹ́ ìyípo díẹ̀ sí i. Pẹ̀lú 270 VA, 45 sí 60 cm kò kọjá agbára kọ́ìlì yìí.

Ẹ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kó sinmi ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn àfihàn kọ̀ọ̀kan ẹ tú ìdérí, ẹ wo kọ́pà. Dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ kárí gígùn páìpù dára, ẹ fi sánpépà 600 nù ún, kó má dà bíi dígí, ẹ má fi ìka kàn án lẹ́yìn náà. Tí dúdú bá kó jọ sí ẹnu kan ṣoṣo, páìpù méjì yẹn kò bára wọn dọ́gba: ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ ki géèjì 0.60 bọ ẹnu méjèèjì kí ẹ tó dè é, kí ẹ sì tún wọn èyí tó tẹ̀ lé e, torí tí ẹ bá sún ọ̀kan, ti ẹnìkejì rẹ̀ náà ti yí.